Ìwé Iṣẹ́ Táyé àti Kẹ́yìndé

Ní ilé-ìwé wa ní Sàkẹ́tẹ́, Mùsíọ̀ Sylvain, ọ̀gá ilé-ìwé, ló ń sọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ kọ́. Kì í pe ọmọ kankan wá bi í léèrè. Àmì ìdánwò ló ń wò, á sì kọ ìwé: ọkùnrin, iṣẹ́ mẹkaníìkì; obìnrin, aṣọ rírán. Ó parí.

Ìbejì ni èmi àti Táyé. Bàbá wa kọ̀ láti fún wa ní orúkọ Faransé, ó ní èyí tí a gbé tọ̀run wá ti tó. Nínú lísìtì, ta ni yóò wá mọ ẹni tó jẹ́ obìnrin nínú Táyé àti Kẹ́yìndé?

Èmi Kẹ́yìndé gba mẹ́tàdínlógún nínú ogún ní ìṣirò. Táyé, arákùnrin mi, gba mẹ́jọ, àmọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára bí ẹni fi abẹ́rẹ́ ṣe é. Mùsíọ̀ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi mí sí mẹkaníìkì ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní Pọ́bẹ̀, ó fi Táyé sí aṣọ rírán.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ohun tí mo fẹ́ láti kékeré gan-an nìyẹn, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa kì í sì í sinmi lọ́wọ́ Táyé. A panu mọ́. Ó kù kí Mùsíọ̀ lu òǹtẹ̀ sí ìwé wa lójú òbí, nítorí láìsí òǹtẹ̀, kò sí Pọ́bẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, kíláàsì kún. Mùsíọ̀ tẹ orí mọ́ ìwé, ó ń yìn mí: ó ní irú ọpọlọ báyìí, ti ọkùnrin gidi ni, kí Kẹ́yìndé bọ́ síwájú. Mo tún yẹ̀rì kákí mi ṣe, mo bọ́ síwájú. Kíláàsì dàrú. Bàbá wa rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

Mùsíọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àṣìṣe ni, ó fa bíìkì ìkọ̀wé rẹ̀ yọ láti pààrọ̀ wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mùsíọ̀," ni mo wí, "ṣé àmì mi náà ti yí padà ni?"

Bíìkì dúró. Ó wo mẹ́tàdínlógún náà, ó wò mí, ó tún wo mẹ́tàdínlógún.

"Kẹ́yìndé, kí ni ìwọ gan-an fẹ́ ṣe?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ìdáhùn yẹn. Ẹkún ló gbà mí lẹ́nu, èmi aláròyé. Táyé, ẹni tí mo rán ṣíwájú wá wo ayé, ló bá mi sọ ọ́.

"Mọ́tò ló fẹ́ máa tún ṣe, Mùsíọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi èmi náà."

Mùsíọ̀ bi í. Ó lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó pe ọmọ tó kàn, ó sì pa lísìtì dé kó tó bi í léèrè.