Ibà Lásán

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́rú ti kọjá, oòrùn sì ti mú gan-an, síbẹ̀ Ríma ká jọ sínú kúbusù méjì lórí àga onítìmùtìmù ní pálọ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn bí ẹni tí wọ́n sọ sínú omi yìnyín. Wàsílátù dúró tì í pẹ̀lú ife omi oníyọ̀ àti ṣúgà lọ́wọ́. Ìgbà kẹta nìyí tí yóò po omi náà. Ìgbà méjèèjì àkọ́kọ́, Ríma bì í padà kó tó gbé ife kúrò lẹ́nu.

"Ẹ rọra mu díẹ̀ sí i, Màdáámù mi."

"Òtútù, Àǹtí. Òtútù."

Ọmọ Lẹ́bánónì ni Ríma, láti abúlé kan lórí òkè, níbi tí yìnyín ti ń bo òrùlé lọ́dọọdún. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ló tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀, Fàrídì, wá sí Èkó. Ẹnjiníà ni Fàrídì ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ìsọlọ̀, ilé-iṣẹ́ náà ló gba ilé fún wọn ní Ire-Akárí. Wàsílátù, tó ń ti Èjìgbò wá lójoojúmọ́, ló ń bá wọn dáná tó sì ń tún ilé ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn obìnrin méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni Wàsílátù ti fi ọ̀rọ̀ "àǹtí" kọ́ ọ. Ó ní òun fi ọdún mẹ́sàn-án ju Ríma lọ, àti pé, òyìnbó o, èèyàn dúdú o, ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ gbàgà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ríma. Láti ìgbà náà, kò pe Wàsílátù ní nǹkan mìíràn mọ́.

Fóònù dún lórí tábìlì. Fàrídì ni. Ó ti wà ní Kánò láti Ọjọ́ Àìkú nítorí ẹ̀rọ kan tó bàjẹ́.

"Kí lo sè fún un jẹ?" Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò tilẹ̀ kí i.

"Ìrẹsì ni, sà. Ìrẹsì àti ẹja."

"Ẹja! Mo ti mọ̀. Ẹja yẹn ló dà á nínú rú. Máa fún un lómi. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń bọ̀."

"Sà, ara rẹ̀ gbóná janjan o. Ó dà bíi pé ibà ni."

"Kò lè jẹ́ ibà. Ó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìṣojú mi ló ń gbé e mì."

Wàsílátù fẹ́ sọ̀rọ̀. Kó tó la ẹnu, ọkùnrin náà ti gé fóònù.

Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn gan-an ni egungun tó há a lọ́fun láti ọjọ́ mẹ́ta. Kí Ríma àti ọkọ rẹ̀ tó kúrò nílùú wọn ni dókítà ti fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú ènìyàn, hóró kan lóòjọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, nẹ́ẹ̀tì wà lójú gbogbo fèrèsé, ìpara kan sì wà tí Ríma fi ń pa apá àti ẹsẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó ń rùn bí òróǹbó tó ti ń bàjẹ́. Gbogbo ìyẹn kò ṣe Wàsílátù ní kàyéfì. Oògùn ló pa á lẹ́rìn-ín.

"Màdáámù, kí ló ń ṣe yín?" ó bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

"Kí wá lẹ ń gbé oògùn mì sí?"

"Kí ibà má bàa mú mi ni."

"Yéè! Ẹ ò tíì ṣàìsàn, ẹ ti ń wo ara yín sàn! Ibà! Ibà lásán! Èmi tí ẹ ń wò yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún ló ń wá kí mi. Màá ra oògùn, màá sùn lọ́jọ́ kan, tó bá di ọjọ́ kejì mo ti di ìgbálẹ̀ mi mú. Àlejò ni ibà nílé wa, kì í ṣe olè."

Ríma rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Oògùn náà ti ń rú u nínú tẹ́lẹ̀, ó sì ń jẹ́ kó lá àlá burúkú, àlá tí òkun ti ń wọ ilé ìyá rẹ̀ lórí òkè. Láti ọjọ́ kejì ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Tí Fàrídì bá dúró tì í, yóò fi hóró oògùn sábẹ́ ahọ́n, yóò mu omi, yóò ya ẹnu bí ọmọ iléèwé tó ń fi eyín han olùkọ́. Bí ọkọ̀ Fàrídì bá ti gba géètì kọjá, yóò sáré lọ tu ú sínú síǹkì. Wàsílátù ni yóò ṣí omi lé e lórí. Àwọn méjèèjì yóò wá di ara wọn mú, wọn yóò máa rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún Fàrídì o, Àǹtí. Kò fẹ́ kí n wá tẹ́lẹ̀. Tó bá mọ̀, yóò dá mi padà sílé."

"Mo fi Ọlọ́run búra. Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ó di ọ̀sẹ̀ méje lónìí.

Ríma dìde pẹ̀lú ìnira, ó di ara ògiri mú dé ilé ìtọ̀. Nígbà tó jáde, Wàsílátù wọlé láti fọ ibẹ̀. Ohun tó rí nínú ihò àwo funfun náà mú kí àyà rẹ̀ já. Ìtọ̀ náà pọ́n, ó tún dúdú, bí omi sóbò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Kíá ló da omi sí i, bíi pé òun ló tọ̀ ọ́, bíi pé ẹnìkan ń bọ̀ wá mú un.

Ó da gèlè borí, ó sáré jáde.

Olúsọjí, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, tó máa ń fi orúkọ ọmọ Wàsílátù pè é, ń fi ọwọ́ kan bó ẹ̀pà. "Ìyá Mardiyah! Ta ló ń lé yín? Òyìnbó yín ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ kò yá. Mo fẹ́ lọ ra oògùn."

"Ẹ tètè o! Bí èèyàn dúdú bá kú, wọ́n á ní Ọlọ́run ló pè é. Bí òyìnbó bá kú, wọ́n á ní, ta ló se ọbẹ̀?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Wàsílátù gbìyànjú láti bá a rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́milọ́lá ló ni kẹ́míìsì tó wà níwájú ẹ̀sítéètì. Ibẹ̀ ni Wàsílátù ti ń ra oògùn ibà tirẹ̀ láti ọdún mẹ́rin tó ti ń ṣiṣẹ́ ilé ládùúgbò náà.

"Ẹ bá mi fún mi ní oògùn ibà, ti àgbàlagbà."

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ lò ó?"

"Rárá, àbúrò mi ni."

"Ó tó ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń bì. Ìtọ̀ rẹ̀ náà... ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n."

Kẹ́milọ́lá dá páálí tó ti mú padà sórí pẹpẹ. "Ó pọ́n báwo?"

"Bíi sóbò."

"Àǹtí, àbúrò yín wo nìyẹn?"

Irọ́ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Òyìnbó tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì, ibà lásán ni, àbí? Ẹ ṣáà sọ pé ibà lásán ni."

"Ta ló ní ibà jẹ́ lásán? Àwa tó kù la ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ibà ti pa ńkọ́, ṣé wọ́n lẹ́nu tí wọn yóò fi sọ tiwọn? Láti ìgbà tí a ti wà lẹ́yìn ìyá wa ni ẹ̀fọn ti ń jẹ wá. Ara wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá ibà jìjàkadì, síbẹ̀ ó ṣì ń dá wa lulẹ̀. Ara obìnrin yẹn kò pàdé rẹ̀ rí. Mi ò ní ta nǹkan kan fún yín. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ, nísinsìnyí o, kì í ṣe tó bá di ọ̀sán!"

Bí Wàsílátù ti ń sáré padà, Nùrẹ́nì ló dúró sí i lọ́kàn, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìwó. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ mẹ́rin, ó gan, ó sì lọ. Ní ilé wọn, wọ́n ní Ọlọ́run ló fúnni, Òun ló sì gbà á. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ibà. Gbogbo ọdún wọ̀nyí tó ti ń sọ pé àlejò ni ibà, kò rántí ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tó dé inú pálọ̀, Ríma ti jókòó, ojú rẹ̀ ń wo fèrèsé, ó ń sọ èdè ìlú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó rí Wàsílátù, ó na ọwọ́ sí i. "Màmá," ó pè é. Wàsílátù kò dúró ṣàlàyé pé òun kọ́. Ó gbé e sí èjìká, Olúsọjí sì bá a dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà kò ṣẹ̀fẹ̀. Inú kẹ̀kẹ́ ni Wàsílátù ti fi fóònù Ríma pe Fàrídì, ó ní ọsibítù ni àwọn ń lọ.

Ní ọsibítù, Dókítà Ọláyanjú wo ojú Ríma, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ríma ò dá a lóhùn. Ó ní kí wọ́n gbé ohun èlò wá kí òun gba ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù Ríma ń dún lápò Wàsílátù, Fàrídì ló tún wà níbẹ̀, dókítà sì gbà á.

Ohùn ọkọ náà lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo yàrá fi ń gbọ́ ọ. "Kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ́rẹ́ kan ìyàwó mi! Mo ti pe dókítà ilé-iṣẹ́ wa, ọkọ̀ wọn ń bọ̀ láti Erékùṣù Èkó."

"Ọ̀gá, láti Erékùṣù dé ibí, ó kéré tán wákàtí mẹ́ta. Mo fura sí ibà, èyí tó le."

"Kì í ṣe ibà! Ẹja ló jẹ. Ó ń lo oògùn tó ń dènà ibà lójoojúmọ́, mo ń fi ojú ara mi rí i. Ẹ jẹ́ kó dúró."

Dókítà mú fóònù kúrò létí díẹ̀. "Bó bá jẹ́ òótọ́ ló ń lò ó..." ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó gbé abẹ́rẹ́ dúró, ó ń wo ojú rẹ̀.

Wàsílátù wo Ríma. Ètè rẹ̀ ti sán, ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan kiri lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ìbúra rèé. Iṣẹ́ rèé, iṣẹ́ tí gbogbo ilé rẹ̀ gbé ara lé láti ìgbà tí Tàjùdéèn ọkọ rẹ̀ ti ń wá tirẹ̀ kiri. Ẹ̀mí obìnrin kan sì rèé. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ dókítà bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé.

"Sà, Wàsílátù ni. Kò lò ó mọ́."

"Kí ni kò lò?"

"Oògùn náà. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje. Ẹ bá ti jáde ló ń tu ú dànù. Èmi ni mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, sà. Èmi ni mo ní ibà lásán ni. Èmi ni mo ń ṣí omi lé oògùn náà lórí."

Ẹ̀rọ ń kù lọ́hùn-ún ní Kánò.

"Fún dókítà ní fóònù." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó wí fún dókítà pé kí wọ́n ṣe ohunkóhun tó bá yẹ, kí wọ́n ṣáà yára. Kó tó gé e, ó ní kí wọ́n tún fún Wàsílátù ní fóònù. "Kí n má bá ọ nílé mi."

"Ó dáa, sà," Wàsílátù wí.

Kò pẹ́ tí èsì fi jáde. Ibà ni, ó ti kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ti ń yọ kíndìnrín lẹ́nu. "Ká ní a dúró de ọkọ̀ yẹn ni," dókítà wí, kò sì parí rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Erékùṣù náà dé ní aago méjì kọjá, dókítà tó wà nínú rẹ̀ wo ìwé, ó wo Ríma, ó ní kí wọ́n má gbé e lọ síbì kankan.

Wàsílátù jókòó sórí bẹ́ńṣì lóde yàrá. Bí ìlẹ̀kùn bá ti ṣí, yóò nà dìde. Kò mọ iye ìgbà tó ka Fátíhà, ó ṣáà mọ̀ pé àárín rẹ̀ ni òun máa ń sọnù, tí òun yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Wọ́n ní kó lọ sílé nírọ̀lẹ́. Ó lọ. Kó tó di aago méje òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó pè é.

Fàrídì bá bàálù àárọ̀ dé. Ó kọjá níwájú bẹ́ńṣì bíi pé ògiri ló jókòó síbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n kọ oògùn kan fún un pé kó lọ rà níta, Wàsílátù sì yọ́ wọlé.

Ojú Ríma là. Ó ti rù, awọ ara rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ṣùgbọ́n ojú náà mọ ẹni tó ń wò.

"Àǹtí."

"Mo wà níbí."

"Ẹ sọ fún un?"

"Mo sọ fún un."

"Ẹ búra fún mi. Ó ti ní òun yóò dá mi padà sílé tí mo bá ti lè wọ bàálù."

"Mo búra lóòótọ́. Mo sì da ìbúra náà."

Ríma wò ó títí, ó wá yí ojú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ aṣọ, kì í sì í ṣe òtútù ló ń mì í lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ bínú sí mi," Wàsílátù wí. "Ẹ bínú dáadáa. Alààyè ló ń bínú."

Ó fẹ́ fọwọ́ kan irun rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó gbójú sókè, ó rí i pé omi tí wọ́n so kọ́ sókè ti fẹ́ tán nínú ike rẹ̀, ó sì jáde lọ pe nọ́ọ̀sì.