Iṣẹ́ Tí Ìyá Mi Rán Mi Sí Ọkọ Mi

Lọ́dọ̀ wa nínú aṣálẹ̀, ìyá ìyàwó àti ọkọ ọmọ rẹ̀ kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Wọn kì í wojú ara wọn; òfin ni. Bí ìyá mi Nangala bá ní ọ̀rọ̀ fún ọkọ mi Jakamarra, èmi ni mò ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀ ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: à ń tọ́jú ẹranko, a sì máa ń dáná sun koríko gbígbẹ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa di iná ńlá. Ọkọ̀ méjì la ń gbé lọ sínú igbó nítorí àwọn méjèèjì. Kerryn, onímọ̀ ẹranko tó ń ti Adelaide wá bá wa ṣiṣẹ́, kọ́kọ́ ráhùn nítorí epo ọkọ̀ títí ó fi yé e.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, èmi àti ọkọ mi ò bára wa sọ̀rọ̀. Ó ti lọ wo bọ́ọ̀lù nílùú fọ́jọ́ méjì, kò sì tọrọ àforíjì. Wọ́n ní ìbínú ò da nǹkan fúnni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì bínú náà.

Ìyá mi ń tọ ipasẹ̀ lórí iyanrìn, ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ipasẹ̀ walpajirri ni, ẹranko elétí gígùn tó ń gbẹ́ ihò. Lórí gbogbo ilẹ̀ bàbá ìyá mi, ẹyọ kan yẹn nìkan la ṣì ń rí ipasẹ̀ rẹ̀.

"Ó ti bímọ," ni ìyá mi wí. "Ẹ wò ó, ti ọmọ rẹ̀ nìyí."

Kerryn ya fọ́tò rẹ̀. Ìyá mi kọjú sí mi.

"Lọ sọ fún ọkùnrin yẹn kó má finá sí apá ibí. Bí koríko bá jó tán, wọn ò ní ríbi sá pamọ́ sí, ológbò igbó á pa wọ́n."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

Mo wo ọkọ mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń bu epo sínú agolo iná. Mo ní bí mo bá lọ bá a báyìí, á rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mo bá gbé tíì kaná.

"Ṣé o ti sọ fún un?" Kerryn bi mí.

"Á fúnra ẹ̀ wá síbí. Kì í pẹ́ débi tíì."

"Àbí ẹ ṣì ń jà ni?"

"Ta ló ń jà? Tíì ni mò ń sè."

Kò wá. Ó dáná sí koríko gẹ́gẹ́ bí a ṣe ṣètò rẹ̀ láàárọ̀. Ìyá mi ò jìnnà sí i. Ọkọ mi ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pariwo, á gbọ́. Ìyá mi la ẹnu, ó pa á dé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Mo sáré títí èémí mi fi fẹ́ẹ̀ tán, ṣùgbọ́n iná ti gba gbogbo apá ibẹ̀.

Iná ò pa walpajirri náà àti ọmọ rẹ̀, inú ihò ni wọ́n wà. Lọ́jọ́ kejì, a rí ipasẹ̀ àwọn méjèèjì lórí eérú. Lọ́jọ́ kẹta, ti ológbò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Lọ́jọ́ kẹrin, ti ológbò nìkan la rí. Ìyá mi tọ̀ ọ́ dé ibi tí irun àti etí kan wà nílẹ̀. Kerryn ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó ń sunkún.

Ìyá mi ò sunkún. Ó ní, "Èmi tẹ̀lé òfin. Ọkùnrin yẹn náà tẹ̀lé òfin. Ìwọ ńkọ́, kí lo tẹ̀lé?"

Láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá ní ọ̀rọ̀ fún ọkọ mi, Kerryn ló ń rán.