Òwú Tí Thècle Fi Dí Etí

Ojú mẹ́rin ṣe kòńgẹ́ láàárín èrò ọjà Savalou, ariwo ọjà sì rọlẹ̀ nínú ọkàn Thècle bí iná tí wọ́n da omi sí. Kò mọ ọkùnrin náà rí. Ọkùnrin náà kò mọ òun náà rí. Ó dúró lódìkejì tábìlì Gafarou onírédíò, adúmáadán gíga kan, òwú funfun lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀ káàkiri bí ẹni tó fẹ́ hewú tó tún yí ọkàn padà. Ó sì ń mi orí sí Thècle pé rárá.

Ohun tó gbé Thècle láti Bantè wá sídìí tábìlì yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ambroise, bàbá rẹ̀, ló fi ọdún méjìdínlógún tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Bantè. Láti bí ọdún méjì ni etí rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, orin ti parí, àwọn akọrin ti jókòó, bàbá ṣì ń tẹ dùùrù rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rí ẹ̀rín náà, kò gbọ́ ọ. Ó rọra pa dùùrù dé, kò sì padà sídìí rẹ̀ mọ́. Rédíò oní-píìlì, èyí tó ń lo bátìrì, wà nílé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ohùn rẹ̀ sókè tó bí bàbá ṣe lè gbọ́, àwọn aládùúgbò á máa pariwo.

Ìgbà tí Thècle, tó jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, gbọ́ pé àfisétí ti dé Savalou, oorun ò kùn ún mọ́. Wọ́n ní ohun roboto méjì ni, tí irin pẹlẹbẹ so pọ̀, tí èèyàn ń fi kọ́rí, kí rédíò lè máa bá òun nìkan sọ̀rọ̀. Bí bàbá bá lè tún gbọ́ orin! Thècle ṣèlérí fún Ọlọ́run pé òun ò ní tọrọ nǹkan mìíràn lọ́dún náà.

Ṣùgbọ́n Gafarou ń lọ sí Èkó lọ́jọ́ kejì, ó sì di ìgbà òjò kó tó padà. "Ohun tí mo bá tà, mo ti tà á nìyẹn," ló wí. "Ẹ má gbé e padà wá bá mi o." Bí Thècle bá yan èyí tí kò yẹ, bàbá yóò tún jókòó kọjú sí ògiri títí òjò yóò fi rọ̀.

Èyí tó pọ́ọ̀kú jù lórí tábìlì, etí rẹ̀ kan kò sọ̀rọ̀. Èyí tó wọ́n jù, òyìnbó kan ti ní kí wọ́n fi pamọ́ fún òun. Méjì tó wà láàárín ló kù: dúdú kan tó ki pọ́pọ́, àti pupa rúsúrúsú kan tó fúyẹ́.

Gafarou gbé abọ́ tánńganran ńlá kalẹ̀. Ó dojú pupa dé inú rẹ̀, ohùn tó jáde tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn. Ó wá fi dúdú sí i. Abọ́ gbọ̀n rìrì, ọjà hó yèè.

"Dúdú!" ni ìyá kan tó ru gàrí kígbe. "Màmúsẹ́ẹ̀lì, gbé dúdú! Èyí á jí òkú!"

"Bàbá mi ò kú o, ìyá, etí wọn nìkan ni," Thècle dáhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí dúdú. Ìgbà náà gan-an ló gbójú sókè, tó rí ọkùnrin olówùú yẹn.

"Màmúsẹ́ẹ̀lì, ẹ jọ̀ọ́," ni ọkùnrin náà wí, "abọ́ lẹ ń gbọ́. Ẹ ò tíì gbọ́ ẹ̀rọ."

"Affissou!" Ojú Gafarou le. "Ìwọ tí ò ń rán tìmùtìmù, ta ló pè ọ́ sọ́rọ̀ rédíò? Padà sídìí òwú rẹ!"

"Òwú náà ni mo mú wá, ẹ̀gbọ́n." Affissou já òwú méjì nínú àpò, ó nà wọ́n sí Thècle. "Abọ́ ò sí létí bàbá yín. Ẹ fi èyí dí etí yín pinpin, kí ẹ di bàbá yín fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá yàn."

"Ta ló kọ́ yín nírú èyí?"

"Ìyá mi, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kígbe mọ́ wọn. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó là ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe ariwo."

Thècle dí etí. Savalou parẹ́. Ó rí ẹnu ìyá onígàrí tó ń ṣí tó ń pa dé, ó rí eyín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì dá a lójú pé òun ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Bí bàbá òun ṣe ń gbé láyé nìyí? Omi lé sí i lójú.

Ó fi dúdú kọ́rí. Gìdì, gìdì, gìdì, bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán nílé kejì. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ó fi pupa kọ́rí. Ohùn rẹ̀ kéré bí fọ́nrán òwú, ṣùgbọ́n fọ́nrán náà gba inú ìdènà kọjá: ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn rẹ̀, dùùrù.

"ÈYÍ NI!" Ó pariwo bí àwọn tí kì í gbọ́ràn ṣe máa ń pariwo, gbogbo ọjà yíjú sí i.

Ọkọ̀ Bantè ti ń fọn fèrè. Thècle sanwó fún Gafarou, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó sáré, òwú ṣì wà létí rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i tí ẹnu Affissou ń mì. Kò gbọ́ ohun tó sọ.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó délé.

"Kí lo fẹ́ fi kọ́ mi lórí yìí?" bàbá béèrè. "Ṣé o fẹ́ fi mí jọba ni?"

Thècle fi í kọ́ ọ lórí, ó yí ohùn rédíò sókè díẹ̀díẹ̀. Bàbá dijú. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí orúnkún rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wá ọ̀nà ilé.

"Thècle," ó wí nígbà tó yá, "ẹni tó ń tẹ dùùrù yìí ń sáré jù."

Thècle kúnlẹ̀, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sunkún ayọ̀.

Nígbà tí Thècle ti la ìtàn òwú sí bàbá létí, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bàbá béèrè pé, "O dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà?" Thècle fi ọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mú ìwé àti gègé. Bá mi kọ lẹ́tà."

Thècle kọ ọ́. Ó fà á ya, ó tún un kọ. Bàbá gbà á, ó kà á, ó wo Thècle lókè gíláàsì ojú rẹ̀.

"Tèmi nínú lẹ́tà yìí ò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ta ló ni ojú ìwé méjì tó kù?"

"Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́, bàbá."

"Má yọ nǹkan kan. Etí mi ló kú. Ojú mi ò kú."

Lọ́jọ́ ọjà àkọ́kọ́, oníbàárà yí Affissou ká, Thècle sì gbé lẹ́tà padà sílé. Lọ́jọ́ ọjà kejì, ó dé iwájú rẹ̀ tán, ojú tì í, ó ra ìrọ̀rí kan tí kò nílò, ó tún gbé lẹ́tà padà. Bàbá wo ìrọ̀rí náà, ó rọra kọ́ àfisétí rẹ̀ padà sórí, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

Lọ́jọ́ ọjà kẹta, Affissou rí i láti òkèèrè, ó dìde nídìí òwú.

"Màmúsẹ́ẹ̀lì, ṣé ìrọ̀rí lẹ tún fẹ́ ni? Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ń gbọ́ orin láràárọ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, àwọn á tún dé ìdí dùùrù, bí mo bá dúró nítòsí láti máa fọwọ́ kàn wọ́n bí orin bá parí." Ó di àpò rẹ̀ mú. "Lọ́jọ́ yẹn, òwú wà létí mi. Kí lẹ sọ?"

Affissou wo ilẹ̀. "Mo ní kí ẹ bá mi kí bàbá. Mo sì ní kí ẹ tún padà wá."

Thècle ṣí àpò. Ó mú lẹ́tà jáde, igun rẹ̀ ti ká nítorí ìrìn-àjò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á lé e lọ́wọ́.