Àṣẹ Kẹfà Nílùú Ikán

Ògán méje ni ìlú ikán yìí ní, ọbabìnrin kan ṣoṣo ló sì ń ṣàkóso gbogbo wọn. Ọbabìnrin kì í rìn. Àwọn ìránṣẹ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ọ̀nà mìíràn lọ tààrà, òmíràn sì yí àpáta po. Ẹni tó bá ti gbọ́ àṣẹ kò gbọdọ̀ mí kí ó tó ṣe é. Bí mo bá rántí ìgbọ́ràn àwọn ẹ̀dá kéékèèké wọ̀nyí, orí mi a máa wú.

Ní ọjọ́ kan, ọbabìnrin ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ pé ìjàlọ ń bọ̀, ó sì ní kí wọ́n tì í. Ní ògán kẹta, àṣẹ kejì ló kọ́kọ́ dé. Àwẹ̀ró, olórí ibẹ̀, ti ilẹ̀kùn. Àṣẹ àkọ́kọ́ wá dé, ó sì ṣí i. Ìjàlọ wọlé, wọn kò ṣẹ́ ẹyin kan kù.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n fẹ́ pa ìránṣẹ́ tó gbé àṣẹ àkọ́kọ́ gba ọ̀nà àpáta, tó fi pẹ́ dé. Àwẹ̀ró dìde.

“Kábíyèsí, ẹ fi í sílẹ̀. Kò purọ́ fún mi. Ìgbọ́ràn ni mo fi pa àwọn ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí àṣẹ kìíní máa gbé hóró iyanrìn kan wá, kí ìkejì gbé méjì. Ẹni tí ìkejì bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìtíì rí ìkíní, kí ó dúró.”

Jagunlabí, olórí ẹ̀ṣọ́, bi í pé, “Bí ìkíní bá sọnù sọ́nà ńkọ́? Ká dúró títí a ó fi kú?”

“Kí a ránṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ ògán tó bá sún mọ́ wa. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ àṣẹ, kí ó pa á mọ́ fún aládùúgbò rẹ̀.”

Ọbabìnrin gbà.

Ọdún yí po, ìjàlọ tún dé. Ìránṣẹ́ kan sáré wọ ògán kẹta pẹ̀lú hóró mẹ́fà: “Ẹ wó yàrá òkè, kí ó dí ọ̀nà mọ́ wọn.” Hóró kan títí dé mẹ́rin ti dé ṣáájú, ṣùgbọ́n hóró márùn-ún kò tíì dé.

Jagunlabí, tó wá ṣọ́ ibẹ̀, sọ fún Àwẹ̀ró pé, “Ìyá, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé àṣẹ ọbabìnrin lẹ fẹ́ kọ̀?”

“Mi ò kọ̀ ọ́. Ẹ sáré lọ béèrè ìkarùn-ún ní ògán kẹrin.”

Wọ́n ń gbọ́ bí eyín ìjàlọ ṣe ń họ amọ̀. Lẹ́yìn náà ni hóró márùn-ún dé láti ògán kẹrin: “Ẹ kó gbogbo ẹyin kúrò ní yàrá òkè.”

Wọ́n kó wọn sọ̀kalẹ̀. Wọ́n wó yàrá. Yàrá òkè ògán mẹ́fà yòókù ti wó bákan náà, ẹyin kan kò sì sí nínú èyíkéyìí, bẹ́ẹ̀ ògán kan kò rí ohun tí èkejì ń ṣe. Ilẹ̀ mì tìtì, ìjàlọ sì kọjá lọ lókè.

Nísàlẹ̀, Àwẹ̀ró ń fọwọ́ kan àwọn ẹyin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ti ń mira.