Àyè fún Gìtá Irin Verlin

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ìlú wa, Coulter, ní gúúsù Illinois, ti ṣe tí ó tó ohun à ń fọ́nnu lé, àwo orin kan ni mo máa ń mú jáde. Inú ilé kan tí wọ́n ti ń ta irúgbìn tẹ́lẹ̀ ni a ti gbà á sílẹ̀, ní àsìkò ìkórè ọdún 1994. Èmi, Curtis Rademacher, ni mo lu ìlù. Àbúrò mi, Glenn, ni ó ta gìtá béèsì. Janelle Kessinger ni ó ṣẹ̀dá gbogbo orin inú rẹ̀, òun ni ó fi ẹnu kọ wọ́n, òun náà ni ó sì ta gìtá oníná tí ariwo rẹ̀ ń mi fèrèsé. Orin rọ́ọ̀kì ni, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n orin ìgbèríko, èyí tí àwọn òbí wa ń jó sí ní gbọ̀ngàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ ẹja àrọ̀ díndín tán, wà nínú eegun rẹ̀.

Orin kan ṣoṣo ni ó kù tí a kò tíì gbà sílẹ̀. "Iná Ìloro" ni Janelle pè é, ẹ̀yìn ikú ìyá rẹ̀, Lorene, ni ó sì ṣẹ̀dá rẹ̀. Ó ti pinnu pé bàbá òun, Verlin, ni yóò ta gìtá irin sí i: gìtá tí ó máa ń dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin bí tábìlì, tí wọ́n ń fi ọ̀pá irin fa okùn rẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń tẹ nǹkan lábẹ́ rẹ̀, tí yóò wá máa dún bí ẹni tí ó fẹ́ sunkún ṣùgbọ́n tí ìtìjú kò jẹ́. Àká àgbàdo ìlú ni Verlin ti ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó bí àwa ni ó ti ń ta gìtá yìí ní gbọ̀ngàn.

Òjò dá àwọn ẹ̀rọ ìkórè dúró ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Verlin sì ráyè wá. Mo sáré pàdé rẹ̀ níbi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀.

"Curtis, mú ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀."

"Mo fẹ́ bá yín gbé e ni, Ọ̀gbẹ́ni Kessinger."

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, ṣé mo bá ọ gbé ìyàwó rẹ wọlé?"

"Rárá o."

"Nígbà náà, má bá mi gbé gìtá mi."

Ó gbé e wọlé fúnra rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Tobin Lasker dìde láti kí i. Tobin ni ẹni tí iléeṣẹ́ tí yóò gbé àwo náà jáde rán wá láti Chicago kí ó máa darí iṣẹ́. Etí rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Verlin. Janelle ti ròyìn yín títí ó fi sú wa."

"Kò tíì ròyìn mi tó. Ṣé ó sọ fún ọ pé láti ibí títí dé odò Mississippi, kò sẹ́ni tó mọ gìtá irin ta jù mí lọ?"

"Dádì, odò ò mà jìnnà síbí," ni Janelle wí.

"Ìyẹn ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ purọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó tẹ ẹsẹ̀ wò, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bo etí, a sì bẹ̀rẹ̀ orin. A ṣe é tán. Verlin di ọ̀pá irin rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ ẹnu ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ta ohunkóhun àfi ohùn bíńtín kan ní ìparí, nígbà tí ìlù mi ti ń dákẹ́. A rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ orin náà ni. A tún un ṣe. Bákan náà ni. Ohùn Tobin wá dún láti inú yàrá kékeré tí ó ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn gíláàsì.

"Verlin, ṣé ẹ ń gbọ́ wa?"

"Ketekete."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi ta?"

"Mo ta."

"Níbo?"

"Níbi tí àyè wà. Lápá ìparí."

Tobin bọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kúrò létí. Ó fi ọwọ́ pe Janelle sínú yàrá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìkòkò kọfí wà, mo sì ń bu tèmi lọ́wọ́, nítorí náà etí mi ni ó ṣe.

"Janelle, má bínú sí mi. Ọwọ́ bàbá rẹ lè ti kú."

"Ọwọ́ bàbá mi ò kú."

"Orin yìí niléeṣẹ́ fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn ilé rédíò. Mo mọ ẹnìkan ní Nashville tó ń ta gìtá irin bí ẹni ń mumi. Tí mo bá pè é báyìí, á ti dé ká tó jẹun àárọ̀ ọ̀la."

"Ṣé o fẹ́ kí n lọ sọ fún bàbá mi pé kó gbé gìtá ẹ̀ padà sínú ọkọ̀?"

"Mi ò fẹ́. Lọ sọ fún un pé kó ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má dúró. Tó bá ta, ọ̀rọ̀ bùṣe. Tí ò bá ta, mo máa pe ará Nashville."

Janelle jáde. Mo tẹ̀lé e, kọfí mi lọ́wọ́. Ó fa àpótí kan, ó jókòó sí iwájú bàbá rẹ̀.

"Dádì, ẹ kàn máa ta lọ ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe rọ́ọ̀kì nìyẹn. Gbogbo wa la jọ ń pariwo."

"Tó o bá ń kọrin lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lórí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ?"

"Lórí ọ̀rọ̀ ẹnu mi."

"Mi ò ṣe."

"Dádì!"

"Mi ò ṣe, Janelle. Ta ló kọ́ ọ nílé? Doyle Pruett kọrin ní gbọ̀ngàn yẹn fún ogún ọdún. Ṣé mo já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀ rí?"

"Rárá."

"Kí ni Doyle ń kọ? Ọkọ̀ akẹ́rù àti ọtí. Ọtí àti ọkọ̀ akẹ́rù. Lọ́jọ́ tí orí ẹ̀ bá pé, á fi ajá kún un. Síbẹ̀ mo máa ń dúró kó sọ tiẹ̀ tán. Ẹni tó bá fi gìtá irin bo ẹni tó ń kọrin mọ́lẹ̀ ní gbọ̀ngàn wa, kí ni wọ́n máa ń sọ fún un?"

Janelle wo ilẹ̀. "Wọ́n á ní kó di ẹrù ẹ̀."

"Wọ́n á ní kó di ẹrù ẹ̀! Ọ̀rọ̀ Doyle ni mo bọ̀wọ̀ fún o. Tìrẹ ni mo wá fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tọ́mọ mi fúnra ẹ̀ jókòó ronú sí?"

Èmi àti Glenn wo ara wa. Abẹ́ tábìlì gbọ̀ngàn yẹn ni a dàgbà sí. A mọ àṣà yìí bí a ṣe mọ ọ̀nà ilé ìwé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti ra ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá sókè, tí a sì dá ẹgbẹ́ tiwa sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún fi àyè sílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ nínú wa. Ẹni tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ jù ni a ń gbọ́.

"Ẹ ò wá àyè ni," ni Janelle wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Mo wá a! Látìgbà tí mo ti jókòó ni mo ti ń wá a. Bí ẹni tí ajá ń lé lo ṣe ń kọrin. Kí gbólóhùn kan tó balẹ̀, òmíràn ti fò sókè."

"Ṣé orin náà ni ò dáa?"

"Ó dáa. Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Tí ò bá dáa ni, mi ò bá ti ta lé e lórí tipẹ́."

Janelle rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi èékánná gbá etí àpótí. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó padà sínú yàrá Tobin, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

"Mo máa gé ẹsẹ kẹta."

"Gé kí ni?"

"Ẹsẹ kẹta. Mi ò ní kọ ọ́. Ibẹ̀ ni bàbá mi máa ta."

"Janelle, ẹsẹ kẹta ló dáa jù nínú àwo yìí! Ibẹ̀ lo ti dárúkọ ìyá rẹ."

"Mo mọ ibi tí mo ti dárúkọ ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn. Jẹ́ kó sọ ọ́."

"Tó bá tún jókòó lásán ńkọ́?"

"A jẹ́ pé òfo ló máa wà níbẹ̀. Àwo mi ni, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má pe ẹnikẹ́ni ní Nashville."

Tobin fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Mo rò pé yóò bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó yọrí sí mi.

"Curtis, tá a bá débẹ̀, ìwọ náà gbọ́wọ́ kúrò lórí ìlù. Glenn nìkan ni kó máa lọ díẹ̀díẹ̀. Tá a bá máa fi àyè sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ dáadáa."

Janelle kò sọ nǹkan kan fún bàbá rẹ̀ ju pé, "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, Dádì."

"Mo ti múra tán tipẹ́."

A bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ kìn-ín-ní kọjá, ègbè kọjá, ẹsẹ kejì kọjá pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀. Ní ìparí ẹsẹ kejì, Janelle ṣe ohun tí gbogbo akọrin gbọ̀ngàn wa máa ń ṣe, ohun tí n kò rí i kí ó ṣe rí: ó fi ẹsẹ̀ kan sún sẹ́yìn kúrò nídìí makirofóònù, ó sì mi orí sí ẹni tí ó jókòó sí ìdí gìtá irin. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí ìlù. Verlin gbé ojú sókè. Ohùn béèsì Glenn nìkan ni ó ń rìn nínú ilé.

Lẹ́yìn náà ni ó ta.

Láti ìsàlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń rọra pe ẹni tí ó wà ní yàrá, tí kò fẹ́ jí àwọn ìyókù. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fa ohùn náà lọ sókè, ó fa á títí èmi tí mo mọ ibi tí okùn gìtá mọ ń bẹ̀rù pé yóò já. Kò já. Ó dá a dúró níbẹ̀, ó jẹ́ kí ó máa gbọ̀n, ó sì ń mú un sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sílé. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹsẹ kẹta lórí, n kò sì rántí ẹyọ kan nínú wọn. Nígbà tí ó tó àkókò, ó gbé ọ̀pá irin kúrò lórí okùn, ó sì mi orí padà sí ọmọ rẹ̀. Janelle gba ègbè, èmi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti wọlé.

A parí orin. Gbogbo wa ń wo Verlin.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Verlin béèrè. "Ṣé ẹ ò gbà á sílẹ̀ ni?"

"A gbà á," ni Tobin dáhùn.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Mo lè ta á dáa jùyẹn lọ."

"Rárá, Verlin. Ẹ ò lè ṣe é."

"Ṣé èébú nìyẹn?"

"Rárá o. Kì í ṣe èébú."

Verlin yíjú sí Janelle. "Mo rò pé ẹsẹ mẹ́ta ni. Níbo lèyí tó kù wà?"

"Ẹ ti ta á."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì wo inú rẹ̀. "Ṣé orúkọ Lorene wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ó dáa." Ó dé fìlà padà. "Ṣé mo ta á dáadáa?"

N kò gbọ́ ọ rí kí ó bi ẹnikẹ́ni ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ta á dáadáa, Dádì."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni."

Nígbà tí ó ń palẹ̀ mọ́, Tobin wá béèrè bí òun yóò ṣe kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn àwo.

"Verlin Kessinger, ará Coulter, Illinois. Má gbàgbé orúkọ ìlú o. Verlin Kessinger kan wà ní Kansas tóun náà ń ta gìtá irin. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi iṣẹ́ mi yìn ín."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Nígbà tí àwo náà jáde, wọ́n pè wá sí Chicago láti wá kọrin nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, àwọn ọ̀dọ́ oníṣòkòtò yíya kún un dé ẹnu ọ̀nà. Verlin bá wa lọ, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ó lọ̀ dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń fò sókè, wọ́n ń pariwo láti orin àkọ́kọ́. Nígbà tí a kan "Iná Ìloro", tí Janelle sún sẹ́yìn, tí bàbá rẹ̀ sì ta tirẹ̀, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Bí ó ti gbé ọ̀pá irin sókè báyìí, wọ́n bú sí ariwo bí ẹni pé òrùlé fẹ́ wó. Janelle ti gba ègbè, wọn kò dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wà níwájú ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí pèpéle.

"Bàbá! Ẹ tún un ta! Bàbá!"

Verlin tẹ̀ síwájú, ó fa makirofóònù tí ó wà nítòsí rẹ̀ mọ́ra.

"Dákẹ́," ni ó wí. "Ọmọ mi ń kọrin."