Kùmásí àti Ìjerò Lẹ́nu Dáúdà

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ẹnu Dáúdà ló kó bá Dáúdà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọkùnrin yìí fi ta iṣu ní Kùmásí, nílẹ̀ Gánà. Nígbà tí Waliyat ìyàwó rẹ̀, tí Ọlọ́run ò fún lọ́mọ, kú síbẹ̀, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó padà sí Ìjerò tí wọ́n bí i sí. Ilé ṣáà làbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnu sinmi? Bí iná bá lọ, á ní iná Kùmásí kì í lọ báyìí. Bí wọ́n bá gbé iyán fún un, á jẹ ẹ́ tán, á nu ọwọ́, á ní iṣu Gánà ló dáa jù. Títì ibẹ̀ tẹ́jú, ti Ìjerò kún fún kòtò. Àwọn èèyàn bá sọ ọ́ ní Bàbá Gánà.

Wọn ò mọ̀ pé ìtàn Kùmásí nìkan ló ní tó lè fi dá èèyàn dúró. Bó bá wọ yàrá tó háyà, òun àti rédíò ló kù, ó sì ń dá wà débi pé ó ń dá rédíò lóhùn.

Ilé ńlá bàbá wọn ló gbójú lé. Mọ̀lẹ́bí fẹ́ pààrọ̀ òrùlé rẹ̀, kí wọ́n sì pín yàrá fún àwọn ọmọ ilé. Dáúdà fẹ́ yàrá kan níbẹ̀ tí yóò gbó sí, tí á máa gbọ́ ikọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn ògiri.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Ìró òòlù ló gbọ́ tó fi sáré lọ. Ó gbé páànù kan, Bámigbóyè àbúrò rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbíyẹmí, ìyàwó Bámigbóyè, gbé àga fún un, ó sì kúnlẹ̀ fún un lómi tútù. Àwọn tó dàgbà jù ú lọ pàápàá ń ru páànù, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni ẹnikẹ́ni ò bú. Ó dùn ún wọra.

Nígbà tí wọ́n sinmi, ó ní, "Bámigbóyè, yàrá tèmi dà?"

Ojú ti àbúrò rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, a ti pín in tán. A rò pé ẹ máa padà sí Gánà ni. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń yin ibẹ̀."

"Ta ni mo fẹ́ padà lọ bá? Nígbà tí mo wà ní Kùmásí, Ìjerò ni mò ń yìn. Àwọn ará ibẹ̀ a ní bó bá dùn tó bẹ́ẹ̀, kí n máa lọ."

Àánú rẹ̀ ṣe Bámigbóyè lóòótọ́. Ó fà á lọ́wọ́ wọlé, ó ṣí ilẹ̀kùn kan nítòsí ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹ dáadáa.

"Yàrá àlejò nìyí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa lò ó títí di ọjọ́ tó bá wù yín láti lọ."

Dáúdà dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé.