Ọmọ Tí Joanna Mú Padà Wá sí Èkó

Láti ìgbà tí Olúwa ti fi omi pààlà sáàárín ilẹ̀ kan àti èkejì ni àlọ àti àbọ̀ ti di ìpín ohun gbogbo. Ẹyẹ a máa lọ, a sì máa bọ̀. Òkun a fà sẹ́yìn, a tún padà wá gbá etí ilẹ̀. Nínú ọmọ ènìyàn, àwọn kan wà tí a fi ipá kó gba orí omi lọ tí wọn kò dé mọ́. Àwọn mìíràn la òkun náà kọjá padà, wọ́n kọ́ ilé sí Pópó Àgùdà ní Èkó, wọ́n sì fi orúkọ ilẹ̀ àjèjì di ọmọ onílẹ̀. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a bí Joanna Kandido sí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kò sí ọlá kan tí ó ju kí ènìyàn padà dé ilé rẹ̀ lọ.

Olùkọ́ ni Joanna, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ Síkáòtù ìjọ wọn. Ní ọdún tí a pè wọ́n sí àgọ́ ìgbà ooru ní Skọ́tílàndì, ó dúró níwájú pẹpẹ, ó kọjú sí àwọn òbí.

Ó ní, "Gbogbo ọmọ tí mo bá kó lọ ni n ó kó bọ̀. Mo fi orúkọ bàbá mi búra."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Yéwándé, tí ń ta bàtà ní Apọ́ngbọ̀n, náà ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Sophia ni ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí.

Ẹ̀bá adágún omi kan láàárín òkè ni wọ́n pàgọ́ sí. Ìgbà ooru ni wọ́n pè é, síbẹ̀ òtútù ń mú wọn dé egungun. Láràárọ̀, bí fèrè bá ti dún, wọ́n á tò yí ọ̀pá àsíá ká, olórí àgọ́, òyìnbó arúgbó kan, á sì fi ọwọ́ òsì bọ olúkúlùkù lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà Síkáòtù. Ó ti pẹ́ tí Joanna ti mọ àṣà náà, síbẹ̀ bí ó bá ti na ọwọ́ òsì sí àgbàlagbà yìí, orúnkún rẹ̀ á dédé tẹ̀.

Francis, aláwàdà ẹgbẹ́, á ní, "Ọ̀gá, bí Màmá Àgbà ìjọ wa bá rí yín báyìí, wọ́n á ní kí ẹ lọ tún ìrìbọmi gbà."

"Pa ẹnu rẹ mọ́, kí o lọ ṣẹ́gi wá."

Wọ́n á ṣẹ́gi, wọ́n á pọnmi, wọ́n á fi omi tútù nini fọ ìkòkò títí ìka wọn yóò fi kú. Sophia ni ó mọ iná dá jù. Kì í jìnnà sí ààrò. Joanna sì rò pé iṣẹ́ ni ọmọ náà fẹ́ràn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fi igi àti okùn ṣe ọkọ̀ láti la adágún kọjá, Sophia fà sẹ́yìn.

Francis kígbe pé, "Ẹ wá wo ọmọ Èkó tó ń sá fún omi!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Sophia sì bá wọn wọ inú omi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bá a nínú àgọ́, tí ó ká jọ, tí ó ń jẹ etí bùláńkẹ́ẹ̀tì kí a má baà gbọ́ igbe rẹ̀.

"Ẹ má pariwo, Ọ̀gá. Ó ti mọ́ mi lára. Bí òtútù bá ti mú mi, egungun mi á máa ro mí. Ẹ̀jẹ̀ mi ló ń ṣe é, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi."

Ibẹ̀ ni Joanna ti gbọ́ gbogbo rẹ̀: pé Yéwándé fi àìsàn náà pamọ́ kí wọ́n má baà fi ọmọ náà sílẹ̀, pé Sámúẹ́lì, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí ń gbé ní ìlú òyìnbó, yóò wá mú un kí ó lè máa gba ìtọ́jú níbẹ̀. Ọkọ̀ àgọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ìrora rọlẹ̀, wọ́n dá a padà.

Ní ọjọ́ àlejò, Sámúẹ́lì dé. Ó ṣí fìlà.

"Àǹtí Joanna, ẹ kàn lọ wo ìkòkò yín lórí iná. Kí ẹ tó yíjú padà, a ti lọ."

"Mo ti búra, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ìbúra yín ni yóò wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sàn?"

"Bí ọmọ kan bá sá, ta ni yóò tún fún ọmọ ìjọ wa ní físà? Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ńkọ́?"

"Ara àwọn yẹn le!"

Sámúẹ́lì tẹ fóònù, ó nà án sí Joanna. Ariwo ọjà ni ó kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ohùn Yéwándé.

"Ìyá mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà ní Apọ́ngbọ̀n yìí. Àwọn oníbàárà ń wò mí."

"Ẹ tàn mí jẹ, Ìyá Sophia. Níwájú pẹpẹ!"

"Mo tàn yín. Èmi ni kí ẹ fìyà jẹ, ẹ má fi jẹ ọmọ."

Joanna fi ìbínú dá fóònù padà. Ó yíjú sí Sophia. Ọmọ náà wo ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó wo ọ̀gá rẹ̀.

"Ohun tí ẹ bá wí ni, Ọ̀gá."

Joanna ni ó fi ìdáhùn yẹn kọ́ ọ.

Ó ní, "Padà sínú àgọ́."

Sophia padà. Sámúẹ́lì dé fìlà rẹ̀, kò sì kí ẹnikẹ́ni kí ó tó wakọ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó, àwọn òbí pàtẹ́wọ́ pé ọmọ pé. Yéwándé gba àpò ọmọ rẹ̀, kò wo ojú Joanna.

Sophia kú nígbà ọyẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn tí wọ́n sáré gbé e lọ kò rí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fà sí i lára títí ilẹ̀ fi ṣú. Yéwándé pa ìsọ̀ bàtà tì, ó padà sí Ìjẹ̀bú sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Sámúẹ́lì ṣì wà ní ìlú òyìnbó. Kò wá síbi ìsìnkú. Francis ni olórí ẹgbẹ́ báyìí, wọ́n fún un ní físà, ó sì ti kó àwọn mìíràn lọ sí àgọ́ náà. Joanna kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Pópó Àgùdà ni ó ṣì ń gbé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé.